Ọta Kan Ni Selmer Mú Dání

Ẹnu mi kì í dúró. Èmi fúnra mi mọ̀, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ̀, àwọn màlúù tí mò ń fún wàrà wọn láàárọ̀ pàápàá mọ̀. Ẹsẹ̀ mi náà kì í dúró. Bí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má dé ibì kan, ibẹ̀ gan-an lẹ ó ti bá Arvid Tollefsrud. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi ni mo jókòó jẹ́ẹ́ tí mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí náà, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Àbúrò mi ni Selmer. Ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo jogún oko tó wà lókè àti àwọn màlúù, Selmer jogún ogójì éékà tó wà nísàlẹ̀ létí odò, òkè àti igbó ṣáá, ilẹ̀ tí kò ṣeé ro. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Wọn ò mọ̀ pé òun ló yàn án. Selmer ò fẹ́ àgbàdo, kò fẹ́ màlúù. Ọdẹ ni, àgbọ̀nrín ló ń lé kiri nínú orí rẹ̀ látìgbà tó ti tó gbé ìbọn.

Ogójì éékà kì í ṣe ilẹ̀ ọdẹ o. Ẹni tí apá rẹ̀ bá le, tó bá ju òkúta láti àárín rẹ̀, ilẹ̀ ẹlòmíì ni yóò bọ́ sí. Àgbọ̀nrín kékeré kò ṣòro, òmùgọ̀ ni, á wá wò ọ́ bí ọmọdé ṣe ń wo àlejò. Ṣùgbọ́n akọ tó ti gbó, tó ti lo ọdún márùn-ún mẹ́fà láyé, tí ìbọn ti dún lẹ́bàá etí rẹ̀ rí, ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ. Imú ló fi ń ríran. Bó bá gbóòórùn èèyàn lẹ́ẹ̀kan níbi tó ń sùn, ó parí, á kọjá wáyà ààlà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, kò ní padà wá lọ́dún yẹn mọ́. Ẹni tó nílẹ̀ rẹpẹtẹ lè ṣàṣìṣe lápá ibí kó lọ dọdẹ lápá ọ̀hún. Ogójì éékà kò ní apá ọ̀hún.

Nítorí èyí ni Selmer ṣe ṣòfin. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kan wà láàárín ilẹ̀ náà, ó tó éékà márùn-ún, àwọn igi ti wó lu ara wọn nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Selmer ò wọ̀ ọ́, Idella ìyàwó rẹ̀ ò wọ̀ ọ́, ajá wọn ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́fà ni ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn ò fi tẹ̀ ẹ́. Akọ ńlá kan ló fi ibẹ̀ ṣelé. Pásítọ̀ là ń pè é, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn, á tẹ orí ba, bí ẹni tó ń lọ sórí àga ìwàásù tí kò tíì mọ ohun tó máa sọ.

Ìta igbó yẹn ni Selmer kan àga tó fi ń ṣọ́ ẹran mọ́ orí igi, pẹ̀lú àkàbà onípákó. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ibi àga náà lọ sínú ẹ̀gún, kò ní lọ, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ń dọdẹ lọ́jọ́ náà. Omi lásán ló fi ń fọ aṣọ ọdẹ rẹ̀, okùn ìta ló ń sá a sí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Á wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Idella máa ń sọ pé, "Nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, kò wẹ̀ tó báyìí."

Ohun tó tún wà ni ti ọta. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí bàbá wa lò ni Selmer ń lò, ọta kan ṣoṣo ló sì máa ń mú dání. Bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá nílò ọta kejì, kò yẹ kó ti yin èkíní. Èmi ò gbọ́, mo máa ń da ọta sápò bí ẹni da ẹ̀pà. Ní gbogbo agbègbè wa ní Wisconsin níbí, kò sí ọdẹ tí kò mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe èèyàn nínú igbó, ìbọn mẹ́ta ló máa yìn tẹ̀léra. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ju ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré lọ. Mo bi Selmer léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ tó jẹ́ ọta kan lo mú, báwo lo ṣe máa yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta?"

Ó ní, "Màá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, màá wá pariwo lẹ́ẹ̀mejì."

A rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín gan-an.

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí mò ń wí yìí ni mo bà á jẹ́. Ọjọ́ Sátidé tí ìjọba ṣí àsìkò fífi ìbọn dọdẹ ni, nínú oṣù kọkànlá, òtútù ń mú èèyàn débi egungun. Mo fún wàrà tán, mo jókòó, ara mi ò gbà á. Mo ní, àbúrò mi wà lórí igi, òtútù á ti pa á. Mo rọ kọfí sínú fúláàsì, mo mú ife mi, ife tánganran aláwọ̀ ewé tí etí rẹ̀ ti họ, mo gba ọ̀nà katakata tó yí ilẹ̀ náà po. Mò ń súfèé lọ. Mo débẹ̀, mo ké pè é nísàlẹ̀ igi, mo ní, "Selmer, kọfí rèé o, sọ̀ kalẹ̀ kí o mu ún."

Ìbọn wà léjìká rẹ̀. Mo wo ibi tó ń wò. Pásítọ̀ ti jáde nínú ẹ̀gún, lójúmọmọ, ó dúró níwọ̀n ogójì ìṣísẹ̀, ìwo rẹ̀ rí bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó gbé ìrù funfun rẹ̀ sókè, ó di àwátì.

Selmer sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. Ó gba kọfí náà lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó dá ife padà. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé, "Ọdún márùn-ún, Arvid." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ sílé. Ìtìjú mú mi débi pé mo gbàgbé ife mi sẹ́sẹ̀ igi, mi ò sì lójú láti lọ bèèrè rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá jókòó lápá ọ̀tún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á lọ jókòó lápá òsì. Idella ló ń jíṣẹ́ láàárín wa bí ẹni tó ń bá àwọn ọba méjì ṣọ̀rẹ́. Ẹ má rò pé kò dùn mí. Ó dùn mí ju ikú bàbá wa lọ, torí bàbá wa kò mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sílẹ̀. Oṣù kẹrin ni abo màlúù mi kan ń rọbí tí ọmọ há, tí mo sì dá wà. Idella ló sọ fún un. Mo kàn rí i tó wọlé, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó di ẹsẹ̀ ọmọ màlúù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Fà á." Ọ̀rọ̀ kan yẹn la fi parí ìjà wa.

Nígbà tí oṣù kọkànlá tún pé, lálẹ́ Jímọ̀, Selmer na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Fún mi lọ́wọ́, Arvid, kó jẹ́ ìlérí. Ohunkóhun tí o bá gbọ́ lọ́la, ohunkóhun tí o bá rò, má wọ ilẹ̀ yẹn títí tí èmi fúnra mi á fi jáde. Bí mo bá yìn ín tí Pásítọ̀ kò bá kú lójú ẹsẹ̀, mo máa jókòó dè é di ọ̀sán. Bí ẹ bá dà á láàmú, á gbé ọgbẹ́ náà kọjá wáyà, ẹlòmíì ni yóò jẹ ẹ́."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó ní, "O ò lè ṣe é."

Mo ní, "Màá ṣe é. Bí mo bá débẹ̀, kí ẹsẹ̀ mi má gbé mi mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo búra fún ara mi lọ́nà ilé pé oṣù márùn-ún yẹn kò ní tún ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Ó kù díẹ̀ kí n pé ẹni ọgọ́ta ọdún, àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní.

Láàárọ̀ Sátidé, yìnyín tuntun ti bo gbogbo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbi tó yẹ kó fẹ́ sí. Mo fún wàrà tán, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Selmer kí n lè wà nítòsí nígbà tó bá jáde. Idella ń yan lefse, búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, lórí irin gbígbóná, òórùn ọ̀dùnkún gba gbogbo ilé ìdáná. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, ìbọn dún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ó pa rọ́rọ́.

Mo lu tábìlì. Mo ní, "Pásítọ̀ ti lọ jíhìn fún Olúwa rẹ̀."

Idella fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. A fi bọ́tà àti ṣúgà sí lefse, a jẹ ẹ́, a mu kọfí lé e. Mò ń ro bí a ó ṣe gbé e jáde, mo ní katakata mi ni ká lò. Inú mi dùn fún un. Aago mẹ́wàá lù, a ò rí i. Mo ṣàlàyé fún Idella pé ọta náà ti bà á níbi tí kò yẹ, Selmer ń dúró dè é bó ṣe wí.

Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀, Idella pa iná, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dúró sójú fèrèsé. Ó ní, "Bọ̀dá Arvid, ẹ lọ wò ó."

Mo ní, "Rárá o."

"Ẹ kàn lọ títí dé etí ilẹ̀ náà. Ẹ mú kọfí dání."

"Idella, o fẹ́ kí n tún fi oṣù márùn-ún jókòó sápá kejì ṣọ́ọ̀ṣì? Mo fún un lọ́wọ́. Ìgbà wo lo rí mi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ rí? Jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀."

Ó wò mí bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan míì. Kò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo wí bẹ́ẹ̀, torí èmi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mò ń fi ara mi yangàn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó gba àmì-ẹ̀yẹ, mò ń wo aago, mò ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, Selmer, wá wò mí, mo ṣe é.

Ó lé díẹ̀ ní aago méjì nígbà tí Idella gbé ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé kó lè nu abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ ni. Mo rí i tó dúró gbagidi. Ọta méjì wà lẹ́yìn ìkòkò náà, ẹnì kan tò wọ́n síra wọn.

Ó ní, "Èmi ni mo fi wọ́n sápò rẹ̀ láàárọ̀. Mo ní kó má ṣe ti bàbá yín lónìí, kó mú mẹ́ta. Ó yọ wọ́n."

Mo mọ ìdí tó fi yọ wọ́n. Wọ́n ń dún lu ara wọn nínú àpò, Pásítọ̀ á sì gbọ́. Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn láti àárọ̀ ni pé, bí ìbọn ọdẹ ọlọ́ta kan bá dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó ní lẹ́nu ló ti sọ yẹn. Mi ò mú fìlà, mi ò mú ìbọn. Mo sáré jáde.

Mo gba àárín igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn kọjá, torí ó gé ọ̀nà kù sí ìlàjì. Ọdún mẹ́fà, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ̀gún fa aṣọ mi ya, ó fa ojú mi ya. Láàárín rẹ̀, Pásítọ̀ dìde. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ó wà nítòsí débi pé mo rí èémí rẹ̀ nínú òtútù, ó wò mí, mo wò ó, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ màlúù kọjá.

Mo kọ́kọ́ dé ìdí igi náà. Pákó kẹta lára àkàbà ti kán, yìnyín ti dì lé e. Mo rí ibi tó ṣubú sí. Mo rí ibi tó ti fi àyà fà kúrò níbẹ̀, ojú ọ̀nà gígùn kan nínú yìnyín, apá kan rẹ̀ jìn nítorí ẹsẹ̀ tó kán tó ń wọ́ tẹ̀lé e. Mo tẹ̀lé e. Ó ti rìn tó igba ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí àyà. Ojú ọ̀nà katakata ni mo ti bá a, ó dojú kọ ibi tí mò ń gbà wá láti òkè, àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yìnyín ti wà lórí fìlà rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo sì tún pè é, mo bú u, mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Mo jókòó tì í, mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún látìgbà tí mo ti dáyé.

Dókítà ní kì í ṣe ìṣubú náà ló pa á, òtútù ni. Mo bi í léèrè aago. Kò fẹ́ sọ, mo ní kó sọ fún mi. Ó ní ó ṣeé ṣe kó wà láàyè títí di nǹkan bí aago kan. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni Idella ní kí n lọ wò ó. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Bóyá ó pariwo lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ̀. Yìnyín tuntun máa ń gbé ohùn mì.

A sin ín lọ́jọ́rú. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ṣáà ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀nà tó yá láti ìdí igi yẹn sílé gba inú ẹ̀gún, ọ̀nà katakata jìn ní ìlọ́po méjì. Selmer mọ ilẹ̀ yẹn bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé torí àgbọ̀nrín ni. Mo ní, ẹsẹ̀ kán, ikú ń bọ̀, síbẹ̀ kò fẹ́ rú òfin, kò fẹ́ dà á láàmú. Inú bí mi sí i. Mo gbé ìbọn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì kí n lè pa Pásítọ̀, kí n gé ẹ̀gún náà, kí n tiná bọ̀ ọ́. Mi ò rí i. Ó ti kọjá wáyà lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni Idella ránṣẹ́ pè mí. Àpò ọdẹ Selmer wà lórí tábìlì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní agbára láti tú u ni. Ó yọ fúláàsì. Ó yọ búrẹ́dì tó ti gan. Ó yọ ife Selmer. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ife tánganran aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti họ.

Mo ní, "Ife mi."

Ó ní, "Mo rí i tó ń fi í sápò láàárọ̀ yẹn, mo ní ife méjì kẹ̀? Ó ní, 'Arvid ò lè jókòó. Aago mẹ́wàá ò ní lù kó tó dé.' Mo ní, ìwọ tó o gba ìlérí lọ́wọ́ Bọ̀dá? Ó ní òun kàn fẹ́ kí ẹ gbìyànjú ni, Bọ̀dá. Ó ní òun kì í gbádùn orí igi yẹn tó bí òun ṣe gbádùn kọfí ọdún tó kọjá, inú kàn bí òun ni. Ó ní kí n má sọ fún yín, kí ẹ má bàa máa gbéra ga."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi ní aago mọ́kànlá ààbọ̀?"

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́."

Kì í ṣe àgbọ̀nrín ni Selmer ń yà fún. Ó mọ ọ̀nà tí mo máa ń gbà. Ó dá a lójú pé mo ti wà lójú ọ̀nà, pé mò ń súfèé bọ̀ pẹ̀lú kọfí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń fi àyà fà bọ̀ wá pàdé mi, ife mi wà nínú àpò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀, mò ń pa ìlérí mọ́.